Káàdì Àjẹsára Àwa Àgbà Dà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpapọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà láti Ìtokú, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti ìdí iṣẹ́ wá láti Láfẹ́nwá, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ọmọ-iṣẹ́, mo kí yín. Mo dúpẹ́ pé ẹ fi ọ̀sán Sátidé, tí gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ òde ni, sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó kọ ìwé ìpè rò pé ti ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn dání. Mo rí àwọn ọmọ náà, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gbé wọn wá gan-an ni mo wá bá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè méjì. Ẹ̀yin ìyá, káàdì àjẹsára ọmọ yín dà? Mo rí ọwọ́ tó nà sókè, mo sì rí ìyá kan níwájú níbí tó ti fa tirẹ̀ yọ nínú báàgì, tó fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po mẹ́ta kí omi má baà kàn án. Ẹ ṣeun. Ìbéèrè kejì ni pé: káàdì tiyín dà? Ẹ̀yin bàbá ńkọ́, ìgbà wo ni ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára gbẹ̀yìn, abẹ́rẹ́ kí sì ni? Gbogbo yín dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mo ti ń bá pàdé láti ọjọ́ tí mo ti wọṣọ funfun, òun náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lónìí.

Orúkọ tí Yorùbá fún abẹ́rẹ́ yìí kò ti òkèèrè wá. Kí abẹ́rẹ́ tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń jẹ àjẹsára, tí wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ́ kí ara fi kojú àrùn, kí àrùn tó kanlẹ̀kùn ni a ti ń fún ara. N kò wí pé gbẹ́rẹ́ àti abẹ́rẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. A ti dán abẹ́rẹ́ wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, a sì ń kọ ohun tó ṣe fún wọn sílẹ̀, kí a tó gbà á wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni pé àgbà ló ń jẹ àjẹsára láyé ọjọ́un. Ọdẹ tó fẹ́ wọ igbó, jagunjagun tó fẹ́ re ogun, oníṣòwò tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, àwọn ló ń wá a kiri, wọ́n sì tún ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá pẹ́ lára. Báwo wá ni àjẹsára ṣe di ti abẹ́rẹ́ tán, tí a fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ nìkan?

Mo rò pé mo mọ ibi tí ó ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ìdílé wọn kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí, di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó sì gbájú mọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí pé àwọn ni ikú ń pa jù. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé dé àdúgbò, abẹ́rẹ́ ọmọdé di ọ̀fẹ́, àwa nọ́ọ̀sì sì ń gbé àpótí yìnyín kọ́ èjìká láti abúlé dé abúlé. Mo wà níbẹ̀, mo sì ń fi yangàn títí dòní. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọrin àjẹsára fún àwọn ìyá, láìsí ẹni tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ó wọ gbogbo wa lọ́kàn pé ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ti kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Àṣìṣe wa ni èyí, àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà sì pín nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ fọwọ́ kan apá yín lókè. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rí àpá ńlá kan níbẹ̀, èyí tí àwọn òbí wa ń sọ pé wọ́n fi bupá fún wa. Olóde, tí òyìnbó ń pè ní smallpox, ni wọ́n fi lé jìnnà sí wa, àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná kí ó má baà gbọ́. Láti 1796 tí Edward Jenner ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi omi egbò tí màlúù máa ń ní dán an wò lára ọmọkùnrin kan ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé Olóde ti kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Ẹni tí ó kó àrùn náà kẹ́yìn, láìka ti ẹni tó kó o láti yàrá àyẹ̀wò lẹ́yìn náà, kì í ṣe ọmọdé. Ali Maow Maalin ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 23, alásè ní ilé ìwòsàn ní ìlú Merca ní Sòmálíà, ní oṣù kẹwàá 1977. Ọ̀gbẹ́ni yìí ń sebẹ̀ nínú ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń yẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó rò pé yóò dun òun. Lọ́jọ́ kan ni ó wọ ọkọ̀ tó gbé aláìsàn méjì, ó fi ọ̀nà hàn wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ó sọ̀kalẹ̀. Ohun tó kó o nìyẹn. Ó yè é, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ bá wọn polongo abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ káàkiri ìlú rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà nígbà tí ibà mú un lọ ní 2013. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an, nítorí pé ó sọ ohun tó ṣe òun fún àwọn ẹlòmíràn, kò fi bò.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Káfíńtà kan wà tí mo tọ́jú, ó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ìṣó gún un lẹ́sẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ó fa ìṣó náà yọ, ó da epo pupa gbígbóná sí ojú ibẹ̀, ó fi àkísà dì í, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyàwó rẹ̀ gbé àmàlà síwájú rẹ̀, ó bu òkèlè, ó fẹ́ la ẹnu, ẹnu kò là. Ó rò pé eyín ni, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, níbi tí wọ́n ti fún un ní oògùn ìrora tí wọ́n sì ní kó máa lọ, láìsí ẹni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun. A fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. A bọ́ bàtà kí a tó wọ yàrá rẹ̀, nítorí pé bí abọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á le gan-an, eyín rẹ̀ á wa pọ̀, òógùn á sì máa ṣàn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Mo rántí pé ojú nìkan ni ó fi ń kí mi ní àárọ̀.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìpẹtà ara ìṣó ló ń fà á. Kì í ṣe ìpẹtà. Inú erùpẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ni ẹyin kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú, ojú egbò tó jinlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì dé ni ó fẹ́ràn jù. Ẹ̀gún lè gbé e wọlé, ọkọ́ lè gbé e wọlé, abẹ tí a fi gé ìwọ́ ọmọ lè gbé e wọlé. Kò sí ẹni tó ń kó o ràn ẹ́, nítorí náà bí gbogbo àdúgbò bá gba abẹ́rẹ́ tí ìwọ kò gbà, abẹ́rẹ́ tiwọn kò gbà ọ́ sílẹ̀ rárá. Àrùn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí àwọn tó yí ọ ká bá ti ní ààbò, kò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ni ó wà.

Káfíńtà yẹn lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ wa, Ọlọ́run sì ṣe é, ó dìde. Lọ́jọ́ tó ń lọ ilé, mo gbé abẹ́rẹ́ jáde. Ìyàwó rẹ̀ bínú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àrùn náà ti ṣe é tán, kí lẹ tún ń gún un sí?" Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni, nítorí pé àrùn púpọ̀ ló wà tí kì í ṣe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n oró tẹ́tánọ́ọ̀sì le débi pé ìwọ̀nba tíńtín tó lè pa ènìyàn kò tó ohun tí ara lè fi mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹni tí ó ṣe tó sì yè lè tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ara fi ń kọ́ bí a ti í bá a jà.

Ẹnìkan ti ń bi ara rẹ̀ pé, ṣebí ìyá mi gba abẹ́rẹ́ yìí fún mi ní kékeré. Bóyá ó gbà á. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbímọ ni a ń fún ọmọ ní èyí tó ní tẹ́tánọ́ọ̀sì nínú. Ẹ̀yin aládìrẹ Ìtokú ni kí ẹ bá mi ṣàlàyé ìyókù. Ìgbà mélòó ni ẹ ń ri aṣọ sínú ìkòkò aró? Ẹ kì í rì í lẹ́ẹ̀kan. Rírì àkọ́kọ́, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Ẹ ó sá a, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, ẹ ó tún rì í, títí tí yóò fi dúdú dáadáa. Síbẹ̀, aṣọ tí a fọ̀ fún ogún ọdún á ṣá, onítọ̀hún á sì gbé e padà wá fún yín kí ẹ bá òun tún un rẹ. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ara wa pẹ̀lú tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ogun inú ara ń rántí, ṣùgbọ́n ìrántí wọn ń ṣá. Àgbà tí kò bá mọ̀ bóyá òun gbà á rí yóò gba ọ̀kan, yóò gba èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀kẹrin lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀karùn-ún lẹ́yìn ọdún kan sí i. Ẹni tó bá gba márààrún pé ti ra ọ̀pọ̀ ọdún fún ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi ọ̀kan kún un ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí egbò ńlá tó dọ̀tí bá sì ṣe ènìyàn, tí ó ti lé ní ọdún márùn-ún tó gbà á kẹ́yìn, kí ó tún gba ọ̀kan, kí ó má dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wò ó: aboyún ń gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà tó bá lọ fi orúkọ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà níhìn-ín ti gba méjì tàbí mẹ́ta láìmọ̀ pé òun ní ààbò tí ọkọ òun kò ní. Ta ló ń fún ọkùnrin? Ọkùnrin ló ń tẹ ìṣó, òun ló ń di irin mú, òun ló ń wa kùsà, òun ni kì í sì í dé ilé ìlera àfi bí wọ́n bá gbé e. Èyí tí a ń lò báyìí, tí a ń pè ní Td, tún ní ti dìfitéríà nínú. Àrùn tí ọ̀pọ̀ dókítà kékeré kò tilẹ̀ rí rí nìyẹn, tí í máa ń fi awọ eérú dí ọ̀nà ọ̀fun, kí ó tó bẹ́ sílẹ̀ ní òpin 2022, tó sì gba gbogbo 2023 kan, pàápàá ní Kánò. Àrùn tí a rò pé ó ti lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà.

Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí òyìnbó ń pè ní hepatitis B, ló kàn, ohùn mi yóò sì yí padà díẹ̀ níbi tí a dé yìí. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ inú ti ọmọdé ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí a bí ṣáájú ìgbà náà, àfi bí ó bá fúnra rẹ̀ wá a lọ, kò ní in. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bí mẹ́jọ ló ní kòkòrò náà lára. Ẹ ka orí yín nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀, nítorí pé ó lè jókòó sínú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún láìdún, kí ikùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, ìbálòpọ̀ ń gbé e, ìyá lè fi ran ọmọ nígbà ìbí. Ó sì lè wà láàyè lórí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ fún ó kéré tán ọjọ́ 7. Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gé èékánná kiri àdúgbò, ẹ̀yin olóòlà, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ, tiyín àti ti oníbàárà yín.

Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí fi ọdún mọ́kàndínlógún gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ kí n tó gba ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ pé. Mo gba ọ̀kan, mo gba èkejì, ẹ̀kẹta tó yẹ kí n gbà ní oṣù kẹfà bọ́ sí ìgbà tí ọwọ́ mi dí, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ aláìsàn kan gún mi ní ìka ni mo tó rántí. Oru mẹ́ta ni n kò fi sùn títí àyẹ̀wò fi dé. Nítorí náà, bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín, mo ti mọ bí ó ti rí lára. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ gba ọ̀kan, ẹ gba èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ sì gba ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ ní in, abẹ́rẹ́ kò lè lé e jáde mọ́, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kí dókítà máa wo ẹ̀dọ̀ yín.

Èyí tó kù, n ó yára mẹ́nu bà á. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré ni àgbà ń gbà á, láti oṣù keje 2016 sì ni káàdì rẹ̀ ti di ti títí ayé. Yábàá ní Èkó wà nínú ìtàn abẹ́rẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí àrùn náà ní 1927, tí ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, fi kó o tó sì kú ní Èkó. Lọ́dún kan náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin ará Gánà kan tó ń ṣàìsàn náà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì tọ́ títí tí ó fi di abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń gbà. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọmọ ilẹ̀ wa á lọ ra káàdì yẹ́lò ní ìdí pápá ọkọ̀ òfúrufú láìgba abẹ́rẹ́. Ó dùn mí jọjọ. Ẹ̀fọn kì í ka káàdì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Mẹ́kà, ti yírùnyírùn pọn dandan fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó débẹ̀. Ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni ó ń bá ènìyàn lò, ó wà lọ́wọ́ irú èyí tí ẹ gbà, nítorí náà alhájì tó ti lọ rí kò gbọdọ̀ gbára lé ti àtijọ́. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì parí rẹ̀ bí wọ́n bá ti kà á fún un, nítorí pé bí àìsàn náà bá ti fara hàn, ikú ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí fòníkúfọ̀ládìde, àti ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín ti lọ sókè, ẹ bi dókítà yín nípa ti òtútù àyà.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù, nítorí pé mo wà nílé ní 2021 nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà dé, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé kiri lórí fóònù. Apá lè wú díẹ̀, ara lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ara tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tó bá lóyún, tàbí tí abẹ́rẹ́ kan ti ṣe ní jàǹbá rí, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un, nítorí pé àwọn kan wà, bíi ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí a kì í sábà fún aboyún. Ẹ bèèrè orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó kọ sára ìgò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Owó ni ìyókù. Àgbà ló ń sanwó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo kà yìí, n kò sì ní tan yín. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yín ní àjọ. Ẹ ń dá owó fún aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ń dá owó fún fìrídọ̀ọ̀mù ọmọ-iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun kan kún òfin yín: kí ọ̀gá kankan má ṣe gba ọmọ-iṣẹ́ sí ìdí irin tàbí pákó láìbi í bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ẹgbẹ́ sì máa kó ara wọn jọ lọ sí ilé ìlera lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ó má jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa dá lọ. Mo ra ìwé kan wá. Mo ti fa ìlà sí i: orúkọ, abẹ́rẹ́, ọjọ́ tí a gbà á, ọjọ́ tí èyí tó kàn bọ́ sí.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọ-iṣẹ́ kan tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn dìde, ó ní ìṣó gún òun ní oṣù tó kọjá, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Ṣé òun tún nílò rẹ̀? Mo ní kó máa bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀lé e wá síwájú, ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ kí ó tó kọ ti ọmọ náà. Nígbà tó dé ibi ọjọ́ tí ó gbà á kẹ́yìn, ó dúró díẹ̀, ó wo apá rẹ̀, ó sì fa ìlà síbẹ̀.